Ọkọ̀ Tí Mo Yàn Sí Ààyè Yín Létí Omi

Bàbá mi, ẹni ọ̀wọ́n tí kì í kánjú,

Ẹ kú ìsinmi. Èmi ọmọ yín obìnrin ni mò ń kọ̀wé, èmi tíṣà Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń pè ní ìyàwó ẹja. Ilé yín ní Egbe ni mo wà báyìí. Mo kọ ọ́ ní ilé torí pé mo jẹ́ tíṣà. Ẹ̀yin ẹ pè é ní ulé bó ṣe wà lẹ́nu wa. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, inú ń bí mi, ìríra sì kún mi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bí ẹ ṣe wà lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹ mọ̀ mí, ohun tó bá ń dùn mí ni í kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ wo ni yóò wà ní ààyè yín létí omi?

Ẹ rántí òfin etí omi wa dáadáa, torí pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Apẹja kan, ààyè kan, ọkọ̀ kan. Bí apẹja bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ tó lè lọ kó sì bọ̀ síbẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olórí àwọn apẹja á fi ààyè náà fún ẹlòmíì. Gbogbo apẹja ló sì ń fi ojú kòkòrò wo tiyín, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ilẹ̀ ti le tí ẹrẹ̀ kì í gbé ni lẹ́sẹ̀ mì. Mi ò fẹ́ kó bọ́. Oko yín ló wà lábẹ́ omi yẹn. Kí ìjọba tó sé odò náà, tí wọ́n fi ṣe dáàmù, obì yín àti kòkó yín ló wà níbẹ̀. Nígbà tí omi bò wọ́n, ẹ kọ́ iṣẹ́ ẹja lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ tó wá tẹ̀dó sí etí omi, ẹ sì padà sórí oko yín pẹ̀lú àjẹ̀ ìwakọ̀ lọ́wọ́. Bí ààyè yẹn bá bọ́, oko náà lọ tán nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé ọkọ̀ yín àtijọ́ ńkọ́. Wọ́n ti sun ún, Bàbá. Ọjọ́ ìsìnkú yín gan-an ni wọ́n sun ún. Igi ìdáná kò tó fún àwọn tó ń se ìrẹsì, ni Bọ̀dá bá wo ọkọ̀ yín níbi tó dojú dé lẹ́yìnkùlé, ó ní kí wọ́n là á. Ẹ máà bínú pé mò ń pe àkọ́bí yín ní “ó”. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán nínú mi, bí ó bá tún padà wá, n ó tún máa pè é ní “wọ́n”. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìdajì ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ ìkòkò. Ọ̀dà tí ẹ fi ń dí ojú ibi tó ń jò ń yọ́, ó ń hó, èéfín dúdú ń fẹ́ wọnú oúnjẹ. Àwọn àlejò jẹ ẹ́. Wọ́n lá ìka wọn, wọ́n ní ó ń ta sánsán bí ẹja yíyan, wọ́n tún na àwo fún òmíràn. Mo dúró, mò ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń lọ. Ó rí mi lára gidigidi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ìrẹsì ìnáwó, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Bọ̀dá wá ní kí n má da ara mi láàmú, òun ló máa ra ọkọ̀ tuntun sí ààyè yín. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n kó òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, ó ti di ọ̀gá ní sẹkitéríàtì, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe yan ọkọ̀ náà, ó tiẹ̀ fi ń yangàn. Ẹ̀bá títì ní Èkó ni wọ́n ti rí i, lórí kọnkéré, omi kò sí nítòsí. Ó gun inú rẹ̀, ó jókòó. Ó fi ìdí fò sókè fò sílẹ̀ lórí tìmùtìmù láti mọ̀ bóyá ó rọ̀. Ó yí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ bíi ti mọ́tò. Ó wo ojú ara rẹ̀ lára ọ̀dà funfun tó ń dán, ó ní òun ti rí èyí tó wu òun. Ó parí. Bí àwa ará òkè ṣe ń yan ọkọ̀ omi nìyẹn. Kò béèrè bí ìdí rẹ̀ ṣe ń rì wọ omi tó, kò béèrè bóyá ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e sókè nínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà ni, kì í ṣe igi, ẹ́ńjìnnì ńlá wà nídìí rẹ̀, ó sì gba èèyàn tó pọ̀. Ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ fi pa ni, àbí wọ́n fẹ́ fi gbé ìyàwó? Ó tún jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ yín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ yín lódindi, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n kígbe orúkọ yín nínú ọjà Aiṣẹgba.

Ọjọ́ tí wọ́n yà á sí mímọ́, mo rò pé adúrà lásán ni. Wọ́n ta kánópì sí etí omi. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Pásítọ̀ da òróró sí i lórí, ó da òróró sí ẹ́ńjìnnì, ó tún da òróró sínú omi kí ẹja lè pọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi pa iwájú orí àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá láti ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ibi tí ẹ ti máa ń bọ́ bàtà kí ẹ tó tẹ omi, torí ẹ ní èèyàn ń mu ún nísàlẹ̀ odò, ibẹ̀ ni wọ́n ń ju egungun adìyẹ sí. Wọ́n ń ju àwo pépà sí i. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá lọ sẹ́yìn máńgòrò yín, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó padà wá, kò ṣan ọwọ́, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo kú ìnáwó. Mo fi ìyẹ̀pẹ̀ fọ ọwọ́ náà títí ó fi ń ta mí. Epo ẹ́ńjìnnì ti tàn kálẹ̀ lójú omi nígbà náà, ó ń dán oríṣiríṣi àwọ̀, ẹja epìyà kéékèèké sì ń yọ ẹnu sókè nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí gbogbo èyí láti ibi tí ẹ wà? Mo gbàdúrà pé kí ẹ má rí i.

Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wà á. Ó kó pásítọ̀ àti méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo sáré bá a, mo sọ fún un pé kó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn òkú igi ti dúró sínú omi, kó má gba àárín. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ló mọ́ lójú mi, ibi tí igi kún, àbí ibi tí omi tẹ́jú? Kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Kò bá yín lọ rí. Kò mọ̀ pé igi tí èèyàn bá rí, èèyàn á yà fún un, àti pé àárín tó mọ́ yẹn ni oko obì yín wà, tí ẹ ti gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ kí omi tó dé, tí kùkùté wọn sì wà nísàlẹ̀ ojú omi ní ìwọ̀n ìgúnpá èèyàn. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì náà, ó ń bú ramúramù, ó lọ tààrà. A gbọ́ ìró nígbà tó kọlu kùkùté, ó dà bí ìgbà tí èèyàn fọ́ igbá. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kankan ò bọ́. Àwọn Ìlàjẹ tú ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lọ kó wọn. Pásítọ̀ ni wọ́n bá tó dúró lórí kùkùté kan, ó ká aṣọ rẹ̀ dé ìbàdí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín, n kò lè purọ́ fún yín. Ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi.

Bí wọ́n ṣe wọ́ ọkọ̀ náà dé abẹ́ máńgòrò ni Bọ̀dá wọ mọ́tò, ó padà sí Adó, kò sì wẹ̀yìn. Láti ìgbà yẹn ni ohun ìríra yẹn ti wà ní ààyè yín. Òjò kan rọ̀ díẹ̀ lójijì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí a kò kà sí àkọ́rọ̀, omi dúró sínú rẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, ìdin ẹ̀fọn ń jó nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ ń sùn lórí tìmùtìmù. Àwọn èèyàn tó ń kọjá lọ sóko ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀, orúkọ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eṣinṣin sì bò ó. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bì níbẹ̀ lórí ìdúró. Mo gbéra lọ bá Bọ̀dá ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní n ó ra ọkọ̀ onígi rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, òun á tún un ṣe, àti pé ọmọ tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ máa fi igi gbígbẹ́ wa omi bí ẹni tí kò ní ará, ó ní mo fẹ́ dójú ti ìdílé. Ṣíọ̀. Ìdílé wo ló kù tí wọn kò tíì dójú tì?

Olórí àwọn apẹja ló gbà mí. Ó ní ọkọ̀ tí kò lè lọ kò di ààyè mú, bóyá wọ́n kọ orúkọ sí i o, bóyá wọn ò kọ. Àmọ́ ó ní ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá ìlà-oòrùn, kí n má fi àkókò ṣòfò. Mo bẹ àwọn ọmọkùnrin Ìlàjẹ, a fi okùn fa fáíbà náà kúrò. Èmi ni mo ha orúkọ yín kúrò lára rẹ̀. Mo fi aṣọ di imú, mò ń ha á, mò ń sunkún, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìbínú àti ìríra.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gi kan nínú igbó láàárín Ẹ̀mùrè àti Ìsẹ̀. Ọkọ̀ méjì ló ti gbẹ́ parí, wọ́n wà lórí odò kékeré lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Mo ti pinnu kí n tó dé ibẹ̀ pé n kò ní yan ohunkóhun lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo bọ́ bàtà. Mo fẹsẹ̀ wọ omi. Mo ti èyí tó gùn láti mọ̀ bó ṣe ń mì, mo wo ìdí rẹ̀, mo fọwọ́ pa inú rẹ̀ bóyá ó ní ojú ibi tó là. Ó dára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiyín gẹ́lẹ́, ibi ìjókòó méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Agbẹ́gi ní kí n mú un, pé kò sẹ́ni tó ra èyí tó kúrú tí kì í kábàámọ̀ lẹ́yìn, torí ẹnì kan á ṣáà fẹ́ tẹ̀ lé èèyàn lọ.

Mo wọ inú rẹ̀ láti dán an wò. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe, Bàbá? Iwájú ni mo lọ jókòó sí. N kò rò ó. Gbogbo Sátidé ọjọ́ ayé mi, iwájú ni mo ń jókòó sí nínú ọkọ̀, tí mò ń na àwọ̀n, ẹ̀yin wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú àjẹ̀, ẹ ń bá ẹ̀yìn orí mi sọ̀rọ̀, n kì í rí ojú yín àfi ìgbà tí a bá gúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Mo kọjú síwájú. Mo sì ń dúró kí ọkọ̀ gbéra. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé agbẹ́gi ń béèrè bóyá ara mi yá.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìbínú ni mo fi ń jí. Mo ti bínú sí Bọ̀dá, mo ti bínú sí pásítọ̀, mo ti bínú sí ewúrẹ́ orí tìmùtìmù. Nínú ọkọ̀ yẹn ni mo ti rí i pé ikú yín gan-an ni ohun tó ń rí mi lára. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ sí láti fọ èyí kúrò.

Mo jáde. Mo yan èyí tó kúrú. Ó wà lábẹ́ máńgòrò báyìí, mo ti fi okùn dè é, olórí àwọn apẹja sì ti wá wò ó, ó ti fọwọ́ sí i. Òjò ń rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ààyè náà kò bọ́. Ìjókòó kan ló wà nínú rẹ̀, Bàbá. Lọ́la, èmi ni n ó mú àjẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá tí wọ́n ṣáájú yín lọ. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun.

Èmi tí mo ṣì fẹ́ràn yín bí ìgbà tí ẹ wà lẹ́yìn mi,
Ọmọ yín obìnrin.