Ojú Pẹ́pẹ́yẹ àti Gíláàsì Kúọ́tìsì

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ojú Pẹ́pẹ́yẹ ọmọ wa ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ló sáré ṣáájú mi. O kú àtijọ́ o. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Nígbà tí mo lọ kí Pẹ́pẹ́yẹ níbi iṣẹ́ gíláàsì rẹ̀, ó kó ọ̀pá gíláàsì méjì lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan gíláàsì lásán, èkejì èyí tí wọ́n ń pè ní kúọ́tìsì. Wọ́n jọra bí ìbejì. Ó gbà wọ́n padà, ó yan wọ́n nínú iná títí wọ́n fi pọ́n, ó sì rì wọ́n bọ omi. Gíláàsì lásán fọ́ yángá. Ti kúọ́tìsì kàn ṣe "ṣìì", kò tilẹ̀ sán. Èmi ti fò sẹ́yìn! Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe bí àgbà, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní wọn kì í da nǹkan kan mọ́ kúọ́tìsì bíi ti gíláàsì lásán, ooru kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú un wú, ìyẹn ni kì í fi í sán.

Àṣé líle náà ní wàhálà tirẹ̀. Wọ́n ní àpótí iná kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ burú fún ojú. Fèrèsé gíláàsì lásán tí wọ́n fi ń yọjú wò ó ń sán ṣáá. Ẹlẹ́fẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bá a fi kúọ́tìsì rọ́pò rẹ̀, ó ní, "Ó parí! Èyí á sin ọmọ-ọmọ wa." Kò rántí pé ìmọ́lẹ̀ burúkú tí gíláàsì lásán ń dá dúró, ṣe ni kúọ́tìsì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Pẹ́pẹ́yẹ yọjú bó ṣe máa ń ṣe. Kó tó délé, bí ẹni da yanrìn sí i lójú ni.

Dókítà ní yóò san, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Mo ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá lọ ń ṣe búrẹ́dì, ẹ óò ní ààrò gbóná jù." Ìyá rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín! Pẹ́pẹ́yẹ ní ojú ti san, pé òun ń lo awò dúdú báyìí tí òun bá ń yọjú wo iná náà. Ọmọ tí yóò ṣubú, tí omijé á máa ṣàn, tí á ní kò dun òun! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; kí ni a ó wá fi ṣọ́ ojú?

Ìwọ lo sún mọ́ ọn. Jọ̀ọ́, yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Wò ó bóyá ojú rẹ̀ ni awò náà wà, àbí ara ìṣó ló fi kọ́. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ o.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ dáadáa. Tètè fèsì, àbúrò mi. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ, kì í ṣe ohun tó bá ní kí o kọ.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ.