Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gé sí Méjì

Fọlákẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé Ìbàdàn ń ṣe ẹ́ jẹ́jẹ́? Àwa ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìyá rẹ ní kí n kí ẹ, àwọn ará Ofiki ń béèrè ẹ. Ọwọ́ tí o fi ń mú bọ́ọ̀lù kò ní rọ láṣẹ Olúwa. Òjò kò tíì rọ̀ níbí, ilẹ̀ le, bẹ́ẹ̀ la ṣì ń gbin èbù iṣu.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí n kò fẹ́ pè ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ wà nínú fóònù yìí, bí mo bá sì ń da ọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀rọ̀ má lọ tì í jáde. Mo ti pa á, mo fi aṣọ wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ wa. Ìyápọ̀ awakọ̀ ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Fọlákẹ́, ara mi kò lélẹ̀. Láti ìgbà tí o ti ní wọ́n mú ẹ ṣe gólí nínú ẹgbẹ́ tuntun tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yín àkọ́kọ́ sì bọ́ sí Sátidé yìí, n kò lè jókòó lójú kan. Mo lọ sóko láàárọ̀, mo kọ ebè mẹ́ta, mo sọ ọkọ́ sílẹ̀, mo padà wálé wá ṣí àpótí wò. Ìyá rẹ ní mò ń rìn kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Bọ́ọ̀lù inú ilé yẹn gan-an kò yé mi. Ìwọ tí mo nà nígbà tí o gbá bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì fèrèsé wa, wọ́n wá kọ́lé fún ẹ kí o máa gbá a. Mo bi Muhydeen tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Ṣakí bóyá onílé náà rìnrìn àjò ni. Ó ní ilé ńlá ni, kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà fún onílé náà.

Muhydeen yìí ló tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà sórí ìwé fún mi. Àwòrán dúdú kan tó rí wúruwùru ló wà lára ẹ̀, ó ní òun ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà máa kà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni, èmi àti ìyá rẹ sì jẹ́ méjì. Mo ronú bí àgbẹ̀: iṣu kan ṣoṣo, a máa ń gé e sí èbù méjì mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á sì hù. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé tíkẹ́ẹ̀tì sí méjì geerege. Mo fún ìyá rẹ ní apá orí nítorí orí iṣu ló ń tètè hù, mo fi ìdí ṣe tèmi. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo fi han Muhydeen, ó káwọ́ lérí. Ó ní méjèèjì ti kú, pé ti inú fóònù ṣì yè ṣùgbọ́n ẹnì kan péré ló máa gbé wọlé. Ó bá mi wá òmíràn títí, wọ́n ti tà á tán. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé èmi ni mo bí gólí, ó ní fọ́ọ̀mù kò láyè fún irú ẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ àwọn ọ̀gá yín, màá gbé àpótí ìjókòó mi dání. Bí wọn kò bá gbà, ìyá rẹ ló máa wọlé. Èmi ni mo dáná sun bàtà bọ́ọ̀lù rẹ, tí mo ní ọmọbìnrin kì í gbá bọ́ọ̀lù. Òun ló ra òmíràn fún ẹ, tó ń tọ́jú ẹ̀ sínú àpò gàrí. N kò tíì wò ẹ́ níbi tí o ti ń gbá bọ́ọ̀lù rí, Fọlákẹ́, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń lé mi kiri nìyẹn. Ó dùn mí, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, fi ti omi mímu kún un, nítorí màá tẹ̀lé e wá. Màá jókòó sídìí ògiri níta. Kí o kàn sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé bàbá tó jókòó síbẹ̀ yẹn kì í ṣe olè. Ìyá rẹ ní bí o bá ti mú bọ́ọ̀lù kan, òun á sáré jáde wá sọ fún mi. Mo ní kó má jáde, kó jókòó, kó máa wò ẹ́ fún àwa méjèèjì.

Olúwa yóò ṣọ́ ẹ bí o ti ń ṣọ́lé. Bọ́ọ̀lù ọ̀tá kò ní kọjá ẹ.

Èmi ni, Akíntọ́lá, Bàbá Gólí.