Ìgbín Yín Ti Bọ́ Sígboro

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ fi abẹ́rẹ́ tọ́ mi dàgbà,

Ẹ kú ibẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà bí mo ṣe máa ń kí yín láàárọ̀ ni mo kí yín yẹn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, eékún ò gbà, mo ti wá jókòó. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi. Kíláàsì mẹ́ta lẹ rán mi dé, ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ ju ìwé lọ, mi ò sì bá yín jà.

Festac la ṣì ń gbé. Mo ní "la", èmi nìkan ni. Ọkọ mi ti wá bá yín, àwọn ọmọ ti fò lọ. Èyí tó wà ní Kánádà máa ń pè mí, á ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n sinmi. Ta ni kí n máa bá sinmi? Ògiri?

Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, Bàbá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tó ń ṣe ọnà sára agbádá. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín tí ẹ bá rí i. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kì í sinmi fi tábà sẹ́nu bíi tiyín. Inú rẹ̀ ni àwọn ọnà ń gbé. Mo ní kí wọ́n fi tiyín sí i, Ìgbín Relé, èyí tí ẹ fi orí ara yín dá: ìgbín tó ká kò sí ẹ̀yìn agbádá, tí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gun èjìká wá síwájú. Ó dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí páálí tí ẹ gé e sí ti bá omi lọ lọ́dún tí àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù. Inú ẹ̀rọ nìkan ló kù sí.

Mo wá tan ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, dípò ọnà, ó kọ òyìnbó sí mi lójú. Mo ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí Kánádà. Ọmọ-ọmọ yín ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti yí òfin padà, pé oṣooṣù ni kí n máa sanwó kí ọnà tó wà nínú rẹ̀ tó ṣí. Kì í ṣe ọnà tiwọn nìkan o. Tiyín náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi, wọ́n ní kí n wá máa háyà rẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ bá aṣojú wọn ní Trade Fair. Ọmọbìnrin eléèékánná gígùn kan ló wà ní káńtà.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ lẹ rà. Ẹ ò ra sọ́ọ̀fùtíwíà tó wà nínú ẹ̀. Àyè pé kí ẹ lò ó la fún yín."

Sọ́ọ̀fùtíwíà ni ọgbọ́n tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, tó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Mo bi í pé, "Tí mo bá ra ewúrẹ́ lọ́jà, ṣé wọ́n máa ń yọ ìfun ẹ̀ sílẹ̀ ni?"

"Mọ́mì, kì í ṣe ewúrẹ́."

"Mo mọ̀. Ewúrẹ́ ò lè yí òfin padà."

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, òun náà rín díẹ̀. Ẹ̀rín ò ṣí ẹ̀rọ. Mo padà wálé, mo da aṣọ bò ó bí ẹni bo òkú. Ẹ má bínú sí àfiwé yẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n gbé e sórí rédíò. Àwọn kan ní ẹni tó fi ọpọlọ ṣe nǹkan ló ni ín títí láé, kí a máa san fún un. Àwọn mìíràn ní ohun tí èèyàn bá rà, kó lè tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fi han aládùúgbò. Mo ń dá wọn lóhùn láti orí àga mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá rédíò jà, Bàbá, kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Obìnrin kan ń gbé lókè mi, Ìyá Tọ́lá, tíṣà kọ̀ǹpútà ní Àmùwò. Ó wá kí mi, ó rí aṣọ lórí ẹ̀rọ, ó ní sọ́ọ̀fùtíwíà mìíràn wà tó lè ṣí ọnà náà.

"Fíríì ni, Màmá."

"Ìyá Tọ́lá, látìgbà tí o ti mọ̀ mí, o rí mi kí n gba ọ̀fẹ́ rí?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Gbé ọ̀fẹ́ ẹ dání. Àtẹ̀gùn nìyẹn."

Ẹ̀yin lẹ ṣáà kọ́ mi. Àwo tí wọ́n bá fi gbé ẹran Iléyá wá fún wa kì í padà lófìfo. Bí kò bá sí nǹkan nílé, ẹ óò ní kí n bu iyọ̀ sí i. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo tó ń wọlé mi báyìí ò tó nǹkan.

Ó pẹ́ ká tó sọ̀rọ̀, èmi àti Ìyá Tọ́lá. Mo máa ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá wá ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Nígbà tó yá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Màmá, mo ti mọ ibi tó ti bàjẹ́. Òyìnbó ò ní ju fíríì kan lọ. Ohun tí wọn ò gbowó ẹ̀, fíríì. Ẹni tí wọn ò dè mọ́lẹ̀, fíríì náà ni. Òmìnira ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ sanwó o, ẹ ò sanwó o, kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́ yín."

Mo rò ó wò. "Gbogbo òyìnbó tó pọ̀ tó yẹn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń pe méjèèjì?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

"Áà, ìyà ń jẹ wọ́n. Wọlé."

Ó ṣe é, ó ṣí. Mo san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ó kọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìgbín yín yọ lójú kọ̀ǹpútà, mo ní kó jẹ́ kí n dá wò ó fúngbà díẹ̀.

Ìgbà tó padà wọlé ló wá bi mí léèrè. Ó ní àwọn tó ṣe sọ́ọ̀fùtíwíà yẹn ní ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí oníṣẹ́ ọnà máa ń gbé iṣẹ́ sí, kí ẹni tó bá wù lè mú un, kó lò ó, kó tún un ṣe. Ṣé kí òun gbé Ìgbín Relé síbẹ̀?

Inú bí mi. Mo rántí bí télọ̀ mìíràn bá ti kí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ óò ti dojú aṣọ bolẹ̀ kó tó wọlé. Bùbá tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́, òdì rẹ̀ nìkan ni ojúgbà yín ń rí. Ṣé èmi ni màá wá tẹ́ ẹ sójú títì?

Mo bi yín léèrè. Mo bi yín lẹ́yìn ìrun, mo bi yín nídìí iná, ẹ ò fọhùn. Ohun tí mo ń rò ni pé kò sí ọmọ kankan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwọn tèmi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Bí mo bá kú, wọn á ta ẹ̀rọ yìí fún ẹni tí kò mọ ìgbín yàtọ̀ sí ìṣáwùrú, onítọ̀hún á sì pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, mo pè wọ́n ní olè. Èmi tí mo fẹ́ gbé yín sin ńkọ́?

Mo ní kó gbé e síbẹ̀. Àmọ́ mo ní kó kọ orúkọ yín sí i, kó kọ Ìṣẹ́yìn tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi sílẹ̀. Ṣé mo ṣe dáadáa? Mi ò sùn bó ṣe yẹ látìgbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní báńkì, mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Ọkùnrin kan wà níwájú mi pẹ̀lú agbádá funfun. Ìgbín yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ kàn án.

Ó yíjú. "Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ó já ni?"

"Kò já. Ta ló ṣe é fún ẹ?"

"Télọ̀ mi ni, ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Ó ní iṣẹ́ bàbá kan tó ti ṣaláìsí ni, ní Ìṣẹ́yìn."

"Wọ́n ti fi nǹkan kún un."

"Á à, mi ò mọ̀ o, Màmá. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Wọ́n fi kún un lóòótọ́. Lórí ipa ẹsẹ̀ tí ẹ ṣe, télọ̀ tí mi ò mọ̀ rí yẹn ti fi ìgbín mìíràn sí i, kékeré bí èékánná, tó ń tẹ̀ lé ńlá bọ̀. Mo ti ń ro ọkọ̀ tí màá wọ̀ dé Ìjẹ̀gùn láti lọ bú u. Lẹ́yìn náà mo tún wò ó. Wọ́n pe nọ́ńbà mi ní káńtà, mi ò dìde.

Bàbá, ó dára. Ó dùn mí bó ṣe dára tó. Láti kékeré ni mo ti ń wo ìgbín yín, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé òun nìkan ló ń dá lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun, tí kò tíì rí ẹni tí yóò pè ní Bàbá lẹ́yìn yín.