Gbogbo Ilé Ló Pè Láti Kí Ọ Kú Ewu

Romaric ọmọ mi, ọkọ Reine,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tó gbógun ti iṣẹ́ yín kò fọwọ́ kàn ọ́ ní Kòtònù? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n bí ọ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ lẹ́nu èèyàn. Ilé wà bó ṣe wà, iṣu oko wa ní Ofè ta dáadáa, ewúrẹ́ tí o rà sílẹ̀ ti bí méjì, ọ̀kan sì ń tiro díẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìkánjú ni mo fi ń kọ̀wé yìí, nítorí náà má wo bí ó ṣe rí wágunwàgun.

Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀tá ló gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá ká ẹ̀rọ yín mọ́, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn tí ẹ ń pè ní sẹ́fà. O ní wọn kò jí nǹkan kan, pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n kàn ń kàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ni fáìlì kò fi rí ọ̀nà wọlé. Mo bi ọ́ pé ṣé wọ́n mú àdá dání, o bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Olè tí kò jí nǹkan ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí a ò mọ ohun tó ń wá.

Mo sì ti sọ fún ọ pé kí ọ̀gá yín wá mú Awawou tó ń ṣọ́ pọ́mpù wa. Ṣebí o rántí bí àwọn kan ṣe ń to bàsíà òfìfo sílẹ̀ lójú pọ́mpù, tí wọ́n á padà lọ sùn, tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á wá dúró sẹ́yìn bàsíà. Awawou kì í bá bàsíà jà. Èyí tí ẹni tó ni ín kò bá dúró tì, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá ti pọn, tó tún fẹ́ pọn, á ní kó kọ́kọ́ gbé tọwọ́ rẹ̀ délé ná, aboyún á sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. O ní ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe gan-an nìyẹn. Kí ló wá dé tí wọn kò fún Awawou níṣẹ́?

O ní ẹ ti ń borí wọn, mo dúpẹ́. Àmọ́ ṣé ọmọ ẹni á bọ́ lọ́wọ́ ewu ká má kí i? Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Awawou sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, Baba Dieudonné, àbúrò bàbá rẹ, ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Okpara. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ láti kí ọ kú ewu. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá wọlé, á tún pè. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sinmi, kí o má baà rò pé ẹbí kò kà ọ́ sí.

Ibi tí mo ti dáwọ́ ìpè dúró láti mu omi ni Reine ti pè mí. Ìyàwó wa ń sunkún. Ó ní ìrọbí ti mú òun, òun nìkan ló wà nílé, ìwọ wà níbi iṣẹ́, òun ń pè ọ́, òun ń pè ọ́, ọ̀nà kò là. Orí mi fò lọ. Mo pariwo pé àwọn ẹni ibi yẹn ti wọ inú fóònù ọmọ mi! Mo ní kí gbogbo wa túbọ̀ máa pè, ká lè lé wọn jáde. A pè títí ọwọ́ fi ń ro wá. Ìgbà yẹn ni Awawou dìde, ó wò wá yíká, ó ní ṣé n kò rí i pé àwa gan-an ni bàsíà òfìfo. Romaric, ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí jù, torí bí nǹkan bá ṣe Reine, àwa tá a fẹ́ràn yín la ṣe é.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo ní kí olúkúlùkù pa fóònù rẹ̀. Mo kó gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan, tèmi náà wà níbẹ̀, mo tì í sábẹ́ ibùsùn mi kí ọ̀nà lè ṣí fún ìyàwó wa. Baba Dieudonné bẹ̀ mí pé kí n dá tòun padà, pé ẹni tó fẹ́ ra kájú oko òun fẹ́ pe òun. Mo ní kájú kì í rọbí. Láti ìgbà náà, a ò gbúròó yín mọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè wá. Mi ò mọ̀ bóyá o dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò, mi ò mọ̀ bóyá ó ti sọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fi lẹ́tà yìí rán Salifou awakọ̀ sí ọ. Fún un lówó ọkọ̀ tí n ó fi wá, kí o sì fi owó òrí àti ọṣẹ dúdú lé e, torí n kò fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan Kòtònù wẹ ọmọ mi. Bí mo bá dé, n ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré, n ó sì dúró. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ẹni tó ń wá ọ fún rere á rí ọ, ẹni tó ń wá ọ fún ibi á kànlẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.

Ìyá rẹ,
Brigitte

Mo tún ṣí lẹ́tà náà o. Salifou ti dé láti gbà á. Ó ní o pe òun, pé o ti ń wá mi títí, pé obìnrin ni Reine bí, àtìyá àtọmọ, ara wọn le. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Àmọ́ ìwọ náà lo sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni lè wá sẹ́nu ọ̀nà kó ní ẹni mímọ̀ lòun, kí á má ṣe gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, jọ̀ọ́, pè mí fúnra rẹ. Bí mo bá ti gbóhùn rẹ báyìí, n ó tan fóònù mi.