Géètì tí Nasrullah Kùn De Àlájà

Dansoman,
Accra.

Bushrah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Ìlọrin, ìwọ àti ọkọ rẹ. Mo gbà pé ara yín le, ọmọ ọwọ́ sì ń mu ọmú dáadáa. Ara tiwa náà le; ọkàn ni kò tíì rọ̀.

O béèrè lórí fóònù ìdí tí màmá rẹ kò fi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ géètì ni. Nígbà tí màmá rẹ ń bọ̀ láti Mẹ́kà, ẹ̀gbọ́n rẹ Nasrullah kun géètì wa ní àwọ̀ ewé, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kọ "Ẹ káàbọ̀, Àlájà wa" sí i lára, bí àwa ará ibí ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá ti Hájì dé. Màmá rẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ tí ò ń kun mọ́tò olówó l'Abossey Okai, lo kọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ báyìí?" Ó fèsì pé, "Ẹ ní kí n pa á rẹ́, Àlájà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí a ti sin Nasrullah, òwúrọ̀ kan kì í kọjá kí màmá rẹ má fọwọ́ kan àkọlé yẹn.

Lẹ́yìn òjò, ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara tí iná jó. Mo pe Mutala, ọ̀rẹ́ Nasrullah tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ó fi èékánná ṣí i díẹ̀; ìpẹtà ló wà lábẹ́. "Bàbá, mepa wo kyɛw," ó fi Twi bẹ̀ mí kí ó tó bọ́ sí Yorùbá, "kò kun ọ̀dà pupa tó ń dáàbò bo irin sí i lábẹ́. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti wọlé. Tí a bá kun òmíràn lé e, ìpẹtà á jẹ irin náà tán. Ẹ jẹ́ ká họ gbogbo ẹ̀."

Mo gbà, nítorí òtítọ́ ni. Màmá rẹ di géètì mú. "Ọwọ́ ọmọ mi lẹ fẹ́ họ dànù? Ṣé Nasrullah ò mọṣẹ́ ni?" Mo sọ fún un pé ó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ ìpadàbọ̀ àwọn tó lọ Hájì ló yá ju bí a ṣe retí lọ, kò sì ráyè dúró kí ọ̀dà pupa gbẹ.

Màmá rẹ jọ̀wọ́ géètì náà. "Nítorí mi ló ṣe kánjú," ló wí.

Ó gba sáńpépà lọ́wọ́ Mutala, ó jókòó sórí àpótí, ó sì họ àkọlé náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Eruku àwọ̀ ewé bo ìbòrí rẹ̀. Kò gbọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Báyìí, ọ̀dà pupa nìkan ló wà lára géètì. Kò gbà kí Mutala kun èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀dà pupa nìkan kò lè dá afẹ́fẹ́ òkun dúró, ṣùgbọ́n n kò tíì lè sọ fún un.

Kí Ọlọ́run dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Kí Ó má jẹ́ kí o mọ irú ọ̀fọ̀ yìí láé. Pe màmá rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Súràjùdéènì.

Mo tún rántí: Mutala ní bí o bá ní fọ́tò géètì náà, òun lè kọ àkọlé yẹn padà gẹ́lẹ́. Má fi ránṣẹ́. Màmá rẹ sọ fún un pé ẹni tó kí òun káàbọ̀ kò sí nílé mọ́.