Ọ̀pọ̀lọ́ Oníwo Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Ti Yó

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà lórí gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi, ẹni tó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo látìgbà tí a ti gba ìpínlẹ̀ tiwa, mo sì kí Bọ́sẹ̀ tó ń bá yín gbé ní Iléṣà. Bọ́sẹ̀ ló kọ̀wé sí mi pé àwọn ìyá ìjọ ń bi yín léèrè ohun tí èmi Fọlákẹ́ ń fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe nínú ilé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ pé kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo wọn kà á lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè sinmi.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Mò ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù, òtútù ibí sì ń wọ egungun. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Ìyá onílé mi, òyìnbó arúgbó kan, ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. Ife tíì kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá di pé à ń jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú. Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tí ọmọ náà fi sílẹ̀ fún un ni ọ̀pọ̀lọ́ yìí, Jọ́ọ̀jì lorúkọ rẹ̀.

Kò jọ ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé wa rárá. Ó tó ìkúùkù Bàbá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan, ohun ṣóńṣó méjì sì yọ lókè ojú rẹ̀ bí ìwo. Inú àpótí onígíláàsì ló ń gbé, òun nìkan, torí bí ẹ bá fi èkejì sí i, yóò gbé e mì. Erùpẹ̀ tútù la tẹ́ sínú rẹ̀, kó lè ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ yìí kò mọ̀wẹ̀. Káyọ̀dé, má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá onílé mi ṣubú tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì fi Jọ́ọ̀jì lé mi lọ́wọ́. Ó ní ekòló díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n nínú mi, mo ní ìwà ahun òyìnbó nìyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa nílé pé bí àlejò bá ti jókòó, ká gbé oúnjẹ wá, ká má bi í bóyá ebi ń pa á. Tó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó ní ká bù kún un. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù lẹ ń gbà pé ó yó.

Jọ́ọ̀jì kò ṣẹ́ nǹkan kan kù rí. Bí ekòló bá ti rìn níwájú rẹ̀, ó ti wọlé ẹnu. Ojoojúmọ́ ni mò ń bù kún un, inú mi sì ń dùn pé mò ń ṣe bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ikùn rẹ̀ le bí òkúta. Kò yàgbẹ́, kò lajú. Ẹ̀rù bà mí, Yèyé. Ohun tí ọmọ fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, èmi ni mo fẹ́ fi ekòló pa. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń lọ sọ fún un ní ọsibítù pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Mo pe ọkùnrin kan tó ń ta irú ọ̀pọ̀lọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mò ń fún un lóúnjẹ. Mo sọ ọ́ fún un. Ó wá ní ẹranko yìí kì í mọ̀ pé òun ti yó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún un. Ó ní kí n máa gbé e sínú omi tí òtútù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí kò ga ju ikùn rẹ̀ lọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí kò bá yàgbẹ́ títí di ọjọ́ kẹta, kò dájú pé yóò yè.

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí yín níwájú mi, bí ẹ ṣe máa ń gbé Káyọ̀dé sínú ọpọ́n omi nígbà tí inú rẹ̀ bá le. Bí ẹ ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Mo fi ìgúnpá dán omi wò. Mo ṣan ọwọ́ mi láìlo ọṣẹ, mo gbé e láti ẹ̀yìn kó má baà gé mi jẹ, mo wá ń fi ìka kan ra ikùn rẹ̀ wá sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, mò ń bẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, Jọ́ọ̀jì yàgbẹ́. Mo kúnlẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìgbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ jẹ́wọ́ ní ọsibítù. Mo ti rò pé ìyá onílé mi yóò ní kí n kó ẹrù mi jáde. Mo sọ bí mo ṣe ra ikùn Jọ́ọ̀jì pẹ̀lú. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra ikùn bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni, ní Iléṣà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ó ní kí n bá òun gba fọ́tò yín, òun fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ òun lórí tábìlì.

Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má le ojú mọ́ kámẹ́rà, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti nu tábìlì náà sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, àyè yín ti wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ojú wa tún rí ara wa nínú ayọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn ìyá ìjọ, olúkúlùkù lórúkọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́