Àpótí Tí Mo Fi Ẹjọ́ Rẹ Sí

Lẹ́bàá Goro, oṣù kejì ọdún 2005

Habibath ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé oorun Kútọnu ń tó ojú rẹ, ṣé ẹ̀fọn ibẹ̀ kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ rẹ tán? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba sọ ọ́ di arúgbó ṣáájú ọjọ́ orí rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. A ti wa iṣu tán, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì. Ó ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láràárọ̀, ó ń retí ẹni tó máa ń ju èèpo iṣu fún un. Mo ju èèpo fún un, ó wò mí, ó yíjú.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní ni ti Kassimou, akọ̀wé bùró ìjọba wa níbí, èyí tí kì í gbé ojú kúrò lórí ìwé. Nígbà tí ìyá rẹ kú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ gba ìwé ikú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ní kí n padà wá lọ́la, àfi bí ẹni pé Rafiatou lè yí ọkàn padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn akọ̀wé bùró lọ sí Parakú fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń pè ní fọ̀màsíọ̀n, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Nígbà tí mo padà débẹ̀, Kassimou dìde, ó kí mi, ó ní kí n jókòó, ó bèèrè oko. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kí àga tó gbóná nídìí mi, ìwé ikú ti wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í ohun tí wọ́n fún wọn jẹ ní Parakú, ó ní ìrẹsì àti adìyẹ ni. Mo ní mo mọ̀. Ẹni tí ebi kò pa ló ń rántí kí àgbà.

Wọ́n tún gbé àpótí kan kọ́ ara ògiri. Kassimou ní ohunkóhun tí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a kọ ọ́ síbẹ̀, àwọn yóò dáhùn kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Mo lọ sílé, mo ro ó dáadáa nítorí a kì í fi ọ̀rọ̀ ìjọba ṣeré, mo sì kọ èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kọ ọ́ pé Rafiatou kú, kò sì sí ẹni tó ń bá mi jiyàn mọ́. Mo kọ ọ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnu, pé fọ̀màsíọ̀n ló wà nígbà tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́, pé a kò tíì rí i láti ọjọ́ ìsìnkú.

Lọ́jọ́ keje, Kassimou gun alùpùpù wá pẹ̀lú ìwé ńlá lábẹ́ abíyá. Ó ní àwọn ti ka ẹjọ́ mi. Ó ṣí ìwé náà, ó wá ní, "Bàbá, ikú kò sí lábẹ́ bùró wa." Mo ní mo gbọ́, mo kàn ní kí wọ́n mọ̀ ni. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ ti pọ̀ jù. Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi wí nílé yìí.

Ẹjọ́ tìrẹ, pé o kò wálé, ló ní ọ̀nà wà fún. Wọ́n kọ́ wọn ní Parakú pé ẹjọ́ tí kò bá sí níkàáwọ́ wọn, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó ti ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Bí ó bá pè ọ́, má bẹ̀rù, kò sí èébú nínú rẹ̀, mo kọ síbẹ̀ pé ọmọ dáadáa ni ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ yín bí a ṣe ń dá ará ìlú lóhùn, ẹ ti dé ibi tí a ti ń dá bàbá ẹni lóhùn.

Àdúà ọdún kan ìyá rẹ bọ́ sí Jímọ̀ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún obì àti oúnjẹ àwọn àfáà, àti fún bátìrì rédíò mi. Bí owó kò bá sí, jẹ́ kí rédíò dákẹ́, kí ìwọ sì wá. Kassimou fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀wé pé ẹjọ́ ti parí, pé ó ti tẹ́ mi lọ́rùn. Ó bẹ̀ mí gan-an, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò wò láti mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Mo ní kí ó fi àyè náà sílẹ̀ títí di Jímọ̀ yẹn. Bí mo bá rí ọ láàrin àwọn tó jókòó, èmi yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọlọ́run kí ó ṣí ọ̀nà fún ọ, kí ó má jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni a ó ti máa rí ara wa.

Èmi bàbá rẹ,
Yacoub Àlúkò